Hilux: Ọkọ̀ Alágbàṣe Tó Di Ọkọ̀ Ọ̀gá

Bí Hilux bá ń bọ̀ lójú títì, tó ń tanná, tó ń fọn fèrè, tí ọlọ́pàá méjì mẹ́ta jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tàwọn tìbọn, kò sẹ́ni tí wọ́n ń kọ́ kó tó yà. Ọlọ́kadà á yà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá á yà, ìyá tó gbé igbá ọsàn lérí á sáré dúró létí gọ́tà. Wọn ò tíì rí ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn o. Hilux nìkan ni wọ́n rí, ìyẹn sì ti tó. Gómìnà ní in, alága káńsù ní in, àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ní in. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn lóṣù kìíní ọdún 2020, Hilux wà lára ohun tí wọ́n tò kalẹ̀ fáráyé wò.

Àmọ́ ṣá o, ìbéèrè kan wà ńlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ bi ara rẹ̀. Ta ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ọkọ̀ yìí? Ọ̀gá ni àbí alágbàṣe? Ẹni tó bá tọpa ìtàn Hilux dé ìdí á rí i pé káfíńtà, bíríkìlà, àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ilé alágbàṣe ni wọ́n bí i sí. Agbádá tó wọ̀ sọ́rùn yìí, ẹ̀yìn ló wọ̀ ọ́.

Ìgbádùn ńlá lórí bẹ́ǹṣì kan

Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti bí Hilux, lóṣù kẹta ọdún 1968. Kó tó dìgbà náà, iléeṣẹ́ Toyota ti ní píkọ́ọ̀pù kan tó ń jẹ́ Stout. Iléeṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Hino náà ní tiẹ̀, Briska ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1966, Toyota àti Hino fọwọ́ so wọ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe píkọ́ọ̀pù tuntun, Hino ni Toyota gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ní iléeṣẹ́ wọn tó wà ní Hamura, lágbègbè Tokyo. Ẹ ò rí i pé bàbá méjì ló ni ọmọ yìí: Toyota sọ ọ́ lórúkọ, Hino ló rọ ọ́.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà, ẹ̀rín ni. Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n gé so pọ̀, "high" àti "luxury", ìyẹn ni pé ìgbádùn ńlá. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Ìgbádùn Ńlá, bẹ́ǹṣì kan gbọọrọ tí èèyàn mẹ́ta á fún ara wọn lé ló wà nínú rẹ̀! Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju lítà 1 ààbọ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 4. Táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń ti gbogbo ọkọ̀ lọ. Ẹrù tọ́ọ̀nù 1 ni wọ́n ní kó máa rù. Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ. Ti Hilux pẹ́ kó tó rò ó, àmọ́ nígbà tó máa rò ó, ó rò ó dójú àmì.

Ohun tó jẹ́ kí alágbàṣe fẹ́ràn rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ wo abẹ́ Hilux, á rí irin gbọọrọ méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n wá fi àwọn irin kéékèèké dábùú láàárín wọn bí àkàsọ̀. Ṣáásí nìyẹn, òun ni egungun ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí àkàsọ̀ yìí ni wọ́n gbé gbogbo ilé ọkọ̀ lé. Bí ilé bá jẹrà, panẹbítà á gé ibi tó jẹrà dànù, á jó irin mìíràn mọ́ ọn, ọkọ̀ á sì máa lọ. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ni, irú èyí tó wà lábẹ́ bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á máa ta èèyàn sókè bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ọkọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn?

Adìẹ dá ìjà sílẹ̀

Ìran kejì jáde lọ́dún 1972. Wọ́n fẹ ilé rẹ̀ díẹ̀, ìjókòó rẹ̀ tura ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ojú àwọn ará Amẹ́ríkà ti wọ ọkọ̀ náà. Ibi tí Amẹ́ríkà sì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ìyá aládìẹ, ẹ fetí sí i dáadáa.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1963, adìẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ yanturu. Wọ́n ń kó o lọ tà ní Jámánì àti Faransé lówó pọ́ọ́kú, débi pé àwọn tó ń sin adìẹ níbẹ̀ fi igbe ta pé wọ́n fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Ìjọba wọn bá bu owó ibodè gọbọi lé adìẹ Amẹ́ríkà. Inú bí Amẹ́ríkà gidi. Nípárí ọdún 1963, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i pé àwọn ọjà kan tó bá ti òkè òkun wá, títí kan ọtí burandí àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, owó ibodè wọn di 25 nínú 100. Ọkọ̀ Volkswagen ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n dìídì ń bá wí. Kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Hilux láyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hilux dé, ó bá òfin náà nílẹ̀, òfin ò sì mọ ẹni tí kò bá wọn jà.

Àwọn ará Japan náà ò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ka òfin náà, wọ́n tún un kà, wọ́n rí i pé ọkọ̀ akẹ́rù tó bá pé ni wọ́n ń gba 25 lórí ẹ̀. Èyí tí kò bá ní àpótí ẹrù lẹ́yìn, tó jẹ́ orí àti ṣáásí lásán, 4 péré nínú 100 ni tiẹ̀. Ló bá tán! Wọ́n ń kó orí ọkọ̀ wọ Amẹ́ríkà láìní àpótí. Lọ́dún 1972, iléeṣẹ́ kan ní Long Beach, ní California, bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpótí ẹ̀yìn fún Toyota, wọ́n á gbé e lé ọkọ̀ lórí níbẹ̀, wọ́n á sì gbé e fún oníbàárà. Ẹni tó bá mọ ibodè Sẹ̀mẹ̀ á mọ̀ pé kò sí ìlú tí irú ọgbọ́n yìí ò sí. Ọdún 1980 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó dí ihò náà. Adìẹ tí wọ́n torí ẹ̀ jà ti di egungun lábẹ́ tábìlì tipẹ́, ọmọ tí ìjà náà bí ṣì ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Ẹ̀kọ́ kékeré kọ́ nìyẹn fún ọlọ́jà. Owó tí èèyàn ń san lórí ọjà, nígbà mìíràn kì í ṣe ọjà náà ló fà á. Ìjà àwọn mìíràn ni, níbi tí kò dé rí, lórí ohun tí kò jẹ.

Ìgbà tí táyà iwájú dá sí iṣẹ́

Ìran kẹta dé lọ́dún 1978, òun ló sì yí nǹkan padà. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí i. Lọ́dún 1979, wọ́n gbé èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ jáde. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ìyẹn. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ti tẹ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, ti iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni. Bí ti ẹ̀yìn bá rì sínú ẹrẹ̀, á máa yí lójú kan, á máa ta ẹrẹ̀ sára àwọn tó ń tì í, ti iwájú á kàn máa wò bí ìyàwó tuntun. Nínú èyí tuntun yìí, dírẹ́bà á fa irin kan, táyà iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tó ti gbé ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó láti oko wá sí títì lóṣù kẹsàn-án mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹrù tó sùn lóko ló ń jẹrà, ẹrù tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ló ń dowó.

Ṣùgbọ́n inú ìran kẹta yìí náà ni irúgbìn mìíràn ti hù. Wọ́n ṣe èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, tí bẹ́ǹṣì méjì wà nínú rẹ̀. Èèyàn márùn-ún lè jókòó dáadáa. Ó dára, àbí? Ó dára. Àmọ́ ṣáásí ò tìtorí ìyẹn di odò tó ń ṣàn lọ láìlópin. Ibi tí wọ́n fi kún ilé èèyàn, ara àpótí ẹrù ni wọ́n ti gé e. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjókòó àti ẹrù ti ń du ara wọn láàyè nínú Hilux.

Ìran kẹrin jáde lọ́dún 1983. Lọ́dún 1984, wọ́n bo ẹ̀yìn Hilux, wọ́n fi ìjókòó sí i, wọ́n pè é ní 4Runner. Ẹ ò rí nǹkan! Jíìpù tí àwọn gbajúmọ̀ fi ń relé ìgbéyàwó, ọmọ píkọ́ọ̀pù ni. Lọ́dún 1985, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ Back to the Future. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí fíìmù náà dá lé lórí, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó gọbọi ló ń wù ú, píkọ́ọ̀pù Toyota dúdú kan ni. Nígbà tí ọkọ̀ iṣẹ́ bá ti di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń lá àlá ẹ̀, kí alágbàṣe mọ̀ pé owó rẹ̀ ti fẹ́ gòkè.

Ogun Toyota àti iná àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ohun tó fi agbára Hilux han gbogbo Áfíríkà, ogun ni. Lọ́dún 1987, orílẹ̀-èdè Chad tó múlé gbe Nàìjíríà lókè ọ̀hún ń bá Líbíà ti Gaddafi jà. Líbíà ní táǹkì, ó ní bàálù. Chad ò ní tó bẹ́ẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Toyota ni wọ́n ní, Hilux àti Land Cruiser, wọ́n wá gbé ohun ìjà tó ń fọ́ táǹkì lé e lẹ́yìn. Nígbà tí táǹkì bá fi máa yírùn padà, píkọ́ọ̀pù ti yí i ká, ó ti yìnbọn, ó ti sá lọ sínú aginjù. Ní Fada lóṣù kìíní, ní Wadi Doum lóṣù kẹta, Líbíà fìdí rẹmi. Títí dòní, "Ogun Toyota" ni aráyé ń pe ogun náà. Láti ìgbà náà, kò sí ogun tó ṣẹlẹ̀ ní aginjù tí wọn ò ti rí píkọ́ọ̀pù tí ìbọn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀fọ́ àti bíríkì di ẹṣin ogun. Kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀, ọwọ́ tó bá gbá ọ̀bẹ mú ló mọ ohun tó fẹ́ fi gé.

Ìran karùn-ún jáde lọ́dún 1988. Lọ́dún 1989, Volkswagen ilẹ̀ Jámánì, àwọn gan-an tí òfin adìẹ dìídì ń bá wí lọ́jọ́sí, bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hilux yìí kan náà, wọ́n kàn lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n pè é ní Taro. Ọ̀tá àná di alájọṣe. Bí ayé ọjà ṣe rí nìyẹn.

Hilux tí wọ́n ṣe lọ́dún 1988 kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Lọ́dún 2003, àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Top Gear ra á ní àlòkù, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni, wọ́n ní àwọn máa pa á. Wọ́n so ó mọ́ etí òkun, ìgbì òkun já a gbà, ó gbé e lọ. Wọ́n wú u jáde, mẹkáníìkì fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó jí. Wọ́n fi irin ràbàtà gbá a, wọ́n tiná bọ̀ ọ́. Níkẹyìn, wọ́n gbé e sórí ilé gíga gogoro kan tí wọ́n fẹ́ fi àdó olóró wó lulẹ̀. Ilé wó, ọkọ̀ bá a wó. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ni pé mẹkáníìkì ò gbọdọ̀ lo ẹ̀yà tuntun kankan, irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ó ṣe é. Ẹ́ńjìnnì náà dún.

Ìdí tó fi dún ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀. Oògùn kọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ayé ìgbà náà ò ní ohun tó pọ̀ nínú: kò nílò páọ́gì tó ń tanná, kò ní kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún un. Bí epo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ wà, tí bátìrì yí i, á dún. Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀, kò lè bà jẹ́.

Ó kúrò nílé, ó di tòkunbọ̀ nílé

Ìran kẹfà jáde lọ́dún 1997. Ìran keje, tó jáde lọ́dún 2004, ni Hilux tàwọn ọ̀gá fi gorí ẹṣin. Toyota pinnu nígbà náà pé Hilux táráyé á máa rà kò ní í ti Japan wá mọ́, Thailand, Argentina àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n á ti máa ṣe é. Wọ́n mú kí ó ga, kí ó fẹ̀, kí inú rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Japan fúnra rẹ̀ ò ta Hilux mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìran kẹjọ jáde lọ́dún 2015. Nígbà tó di 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o láti Thailand lọ tà ní Japan. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí nílé, tó re òkè òkun, tó wá padà di Tòkunbọ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀!

Hilux ìran kẹjọ onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn ju mítà 5 lọ. Ti 1968 lé díẹ̀ ní mítà 4. Ó fi ju mítà kan ga ju bàbá rẹ̀ ní gígùn, síbẹ̀ tọ́ọ̀nù 1 náà tí bàbá ń rù lọ́dún 1968, òun náà ni ọmọ ń rù títí dòní, tàbí kó lé díẹ̀. Mítà tó lé yẹn, ìjókòó ló jẹ ẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ló jẹ ẹ́, iyì ló jẹ ẹ́. Ó ti ju mílíọ̀nù 16 Hilux lọ tí wọ́n ti tà láyé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní Toyota ò mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ kí alágbàṣe náà mọ ohun tó ń rà.

Ó jọ pé àwọn tó ṣe é pàápàá rántí. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gbé òmíràn jáde ní Thailand, Hilux Champ lorúkọ rẹ̀. Orí kékeré, ilẹ̀kùn méjì, àpótí ẹ̀yìn tó tẹ́jú pẹrẹsẹ tí èèyàn lè de ohunkóhun mọ́: ṣọ́ọ̀bù, ilé ìdáná, àgò adìẹ. Wọ́n ṣe é kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ ju ti Hilux ńlá lọ. Ọdún 55 ni ọkọ̀ yìí fi rìn kó tó rántí ọ̀nà ilé. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìran kẹsàn-án náà jáde ní Thailand, tòun ti èyí tó ń lo bátìrì dípò epo.

Ọ̀rọ̀ alápákó Bódìjà

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan alágbàṣe nìyí. Alápákó kan wà ní Bódìjà, n'Íbàdàn, tó ń lo Hilux ìran karùn-ún, onílẹ̀kùn méjì. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan ò wálẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà ló fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Láwọn ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ ò ní í jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sinmi? Ẹ ra onílẹ̀kùn mẹ́rin, kẹ́ ẹ jọ èèyàn." Bàbá á ní, "Pákó mi kì í jókòó. Orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ń wọkọ̀." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó lọ yá owó ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, ó fi ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, tó ń dán gbinrin, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aláwọ. Oṣù kẹta kò pé tí wọ́n di pákó lé e, tó ń lọ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí nǹkan dún gbàù lábẹ́ rẹ̀. Ṣáásí ti ṣẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì ha ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún, ìpẹtà ti jẹ irin náà dé ọ̀rá, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹni tó tà á ti lọ. Gbèsè àjẹṣẹ́kù ò lọ. Lóṣooṣù ni ọmọkùnrin náà ń san owó ọkọ̀ tí kò gbé e lọ síbì kankan, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi owó ẹ̀wà àti búrẹ́dì dí i. Ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń bá a gbé pákó rẹ̀, nínú Hilux tí gíláàsì ẹ̀ ò wálẹ̀.

Irú èyí kì í ṣe àjèjì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí òjò dídì ti ń rọ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ náà ló ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Àbúrò Hilux tí wọ́n ń tà níbẹ̀ láti 1995, Tacoma, ìpẹtà ṣáásí rẹ̀ di ẹjọ́ ńlá débi pé lọ́dún 2016, Toyota gbà láti ná tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là láti fi yanjú rẹ̀. Bí ará Amẹ́ríkà bá rí ṣáásí tuntun gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni ará Ìbàdàn máa lọ bá?

Kó tó kówó sílẹ̀

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀dà. Kó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n mú òòlù kékeré dání, kí wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n máa kan ṣáásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún gan-an-gan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀ bí igbá tó ti fọ́. Bí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbó, kí wọ́n bi ara wọn pé kí ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò.

Kí ó yẹ nọ́ńbà ara ṣáásí wò, kó rí i pé òun náà ló wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Kí ó bi ara rẹ̀ bóyá dísẹ́ẹ̀lì tàbí pẹtiróòlù ló máa bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Dísẹ́ẹ̀lì ayé àtijọ́ lè fara da epo tó dọ̀tí. Ti òde òní ní ẹnu kéékèèké tó ń fọ́n epo pẹ̀lú agbára ńlá, ìdọ̀tí bíńtín lè dí i, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè gbé èrè ọdún kan lọ. Abájọ tí ọ̀pọ̀ Hilux tó wà ní Nàìjíríà fi jẹ́ onípẹtiróòlù lítà 2.7.

Kí ó sì rántí ohun tí tọ́ọ̀nù 1 jẹ́. Báàgì sìmẹ́ńtì 20 ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń di 35 lé e, wọ́n ní "Hilux ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan." Ìwé ìròyìn mọ́tò kan ní Sweden, Teknikens Värld, dán Hilux wò lọ́dún 2007 bí ẹni tí ẹranko ńlá sáré já lù lójú ọ̀nà, tí dírẹ́bà ní láti yí síárìn lójijì. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan gbéra nílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dojú dé. Wọ́n tún dán ìran kẹjọ wò lọ́dún 2016, òun náà gbẹ́sẹ̀ sókè. Ọkọ̀ tó ga, tí ẹrù tún gorí rẹ̀, kò fẹ́ràn kọ́nà. Ọkọ̀ tó la iná àti ilé wíwó kọjá, èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ò lè là á.

Kò sẹ́ni tó ní kí alágbàṣe má gbádùn. Ẹni tó bá ní owó onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà á, kó rà á, kó fi gbé àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá jẹ́ ẹrù ni oúnjẹ rẹ̀, kó wọn gígùn àpótí kó tó wo dídán ìjókòó. Àwọn ìyá tó ń ta tòmátì lè dá owó jọ ra kan ṣoṣo láàárín ara wọn, kí wọ́n máa pín ọjọ́ rẹ̀ lò, dípò kí olúkúlùkù máa san owó ọkọ̀ tó ń jẹ èrè rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn ọ̀gá ti gba orúkọ Hilux lọ, kò burú, orúkọ rẹ̀ náà ti ń pè wọ́n láti 1968. Àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí alágbàṣe má fi fún wọn. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wà.